Orúkọ Tó Wà Lára Ìgò: Ìtàn Wáìnì àti Ìpápánu Ilẹ̀ Spéìn

Lónìí, a óò jáde nílé díẹ̀, a óò sì rìn dé ilẹ̀ Spéìn. Kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi mọ ilẹ̀ náà, bí kò ṣe nítorí àṣà ìrọ̀lẹ́ kan tó ti ibẹ̀ jáde tó sì ti tàn káàkiri: kí ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá jókòó yí tábìlì kan ká, kí wọ́n máa tọ́ wáìnì agbègbè kọ̀ọ̀kan wò díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìpápánu tí à ń pè ní "tapas" pa á lẹ́nu. Ìdí tí ènìyàn kì í fi í pọ̀ níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ. Ìgò wáìnì kan gba sẹ̀ǹtílítà 75. Bí a bá bu bíi méje fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgò náà kò lè kọjá ènìyàn mẹ́wàá. Èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí ṣáájú èyí tó wúwo, èyí tí kò ní ṣúgà ṣáájú èyí tó dùn bí oyin.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn nínú ọ̀rọ̀ ọtí. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni iṣẹ́ tèmi. Ẹni tó bá gbọ́ "wáìnì Spéìn" lè rò pé ohun kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n bí a bá to ìgò márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí á ka èdè mẹ́rin lára wọn: èdè Kastílíà tí gbogbo ayé mọ̀ sí èdè Spéìn, èdè Kàtàláánì, èdè Gàlísíà àti èdè Báàskì. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, mẹ́ta nínú àwọn èdè wọ̀nyí kò ní àyè kankan ní gbangba. Orúkọ tó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan jà fún. Àwọn mìíràn jà fún ilẹ̀ tí àjàrà inú rẹ̀ ti hù, àwọn kan sì kú sí i.

Ẹ jẹ́ kí á mú oúnjẹ ṣáájú. Yorùbá tó bá rí "tapa" yóò kọ́kọ́ rántí àwọn aládùúgbò wa, àwọn Tápà, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Nupe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan rárá. Ìró wọn ni ó ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ní èdè Kastílíà, "tapar" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí kí a bo nǹkan tàbí kí a dé e. "Tapa" ni ìdérí, ohun tí àwa ń pè ní ọmọrí bí ó bá jẹ́ ti ìkòkò tàbí ìṣà. Báwo ni ọmọrí ṣe wá di oúnjẹ? Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni pé àwọn tó ń ta ọtí ní Andalusíà, ní gúúsù ilẹ̀ náà, máa ń fi ègé búrẹ́dì tàbí ẹran dé ẹnu ife kí eṣinṣin má baà kó sínú rẹ̀. Oníbàárà á jẹ ìdérí náà tán, á sì mu ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání. Èyí tí mi ò gbà ni ti àwọn ọba. Àwọn kan sọ pé Ọba Alfonso Kẹwàá, tó gbé ayé láàrin ọdún 1221 sí 1284, ni ó ṣàìsàn tí wọ́n fi ní kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú wáìnì, tí ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọtí láìsí oúnjẹ. Àwọn mìíràn ní Ọba Alfonso Kẹtàlá ni. Wọ́n ní ó yà mu ọtí nítòsí Cádiz, afẹ́fẹ́ ń gbé iyanrìn káàkiri, olùgbáwo sì fi ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dé ife rẹ̀. Nígbà tí ọba mu ún tán, ó ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ìtàn aládùn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀, nítorí ohun tó ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ ló wà láàrin ọba kan àti èkejì. Inú ọ̀rúndún ogún ni ìtumọ̀ "oúnjẹ" tó wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Èdè Spéìn. Ọ̀rọ̀ tí ọba ti dá sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá kì bá tí fi ara pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ìlú wo ni ó wà nílẹ̀ Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ kò ní ìtàn ọdẹ tàbí ìtàn ọmọ ọba nínú? Bí orísun ọ̀rọ̀ kan bá ti ṣókùnkùn, ọba ni a máa ń fà wá.

Ní ilẹ̀ Báàskì, ní àríwá, wọn kì í sábà pe tiwọn ní tapa. "Pintxo" ni wọ́n ń pè é, láti inú "pincho" ti èdè Kastílíà, ohun tí a fi ń gún nǹkan, nítorí igi ìtayín tí wọ́n máa ń fi gún un mọ́ra. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yá ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n sì fi àkọtọ́ tiwọn kọ ọ́: "tx" ló dúró fún ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ bíi "ch". Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni "Gilda", èso ólífì kan, ẹja kékeré oníyọ̀ kan àti ata gígùn tútù, tí wọ́n gún pọ̀ sórí igi kan ní ìlú Donostia. Orúkọ fíìmù tí Rita Hayworth ṣe ní 1946 ni wọ́n sọ ọ́, nítorí wọ́n ní oúnjẹ náà tú yáyá, ó níyọ̀, ó sì ta lẹ́nu díẹ̀, bí obìnrin inú fíìmù ọ̀hún.

Padà sí gúúsù. Àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà wọ ilẹ̀ náà ní ọdún 711, ìjọba wọn tó gbẹ̀yìn, ti Granada, kò sì ṣubú títí di 1492. Ẹni tó bá ń wá ipa wọn kò nílò láti lọ wo ààfin wọn. Kí ó tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè fún nílé ọtí. "Aceituna", èso ólífì, Lárúbáwá ni. "Aceite", òróró, Lárúbáwá ni. "Albóndiga", ẹran lílọ̀ tí a ṣù roboto, Lárúbáwá náà ni, pẹ̀lú "al-" níwájú rẹ̀. "Al-" yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun kan náà ló wà nínú àlàáfíà àti àlùbáríkà, òun ló sì wà nínú àlùbọ́sà tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ ohun èlò tí wọ́n fi ń sè ọtí líle ní Spéìn, "alambique", àti ọ̀rọ̀ náà "alcohol" fúnra rẹ̀, láti ẹnu àwọn tí ẹ̀sìn wọn kọ ọtí ni wọ́n ti wá.

Ìlú kan wà ní gúúsù yìí tí orúkọ rẹ̀ tó láti kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè odindi sáà kan. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní Ṣaríìṣì. Nígbà tí Alfonso Kẹwàá gbà á ní 1264, àwọn ará Kastílíà kọ ọ́ ní "Xerez", wọ́n sì ń pe "x" yẹn bí ṣ tiwa. Wọ́n tún fi "de la Frontera", ti ẹnubodè, kún un, nítorí ààlà ilẹ̀ Kírísítẹ́nì àti ti Mùsùlùmí ni ó wà. Wáìnì ibẹ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ náà, wọ́n sì ń pè é ní "sherris". Ní 1587, Francis Drake kọlu èbúté Cádiz, ó jó ọkọ̀ ojú omi ọba Spéìn, ó sì kó nǹkan bí 2,900 àgbá wáìnì náà lọ sílé. Láìpẹ́ sí i, Shakespeare fi ìyìn rẹ̀ sí Falstaff lẹ́nu nínú eré "Henry IV". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gbọ́ "s" tó wà ní ìparí "sherris", wọ́n rò pé àmì ọ̀pọ̀ ni, wọ́n bá yọ ọ́ dànù, ó di "sherry". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ "pease" di "pea" pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ìró "x" yí padà lẹ́nu àwọn ará Spéìn fúnra wọn, ó kúrò ní ṣ, ó di ìró líle tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá, àkọtọ́ sì di "Jerez". Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí baba ńlá àwọn ará Jerez ṣe ń pe ìlú wọn, ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì ni kí ẹ lọ, àwọn tó ń sọ "sherry" àti àwọn ará Faransé tó ń kọ "Xérès". Yorùbá tó bá sọ pé ṣẹ́rì náà ti sún mọ́ Ṣaríìṣì ju ọmọ bíbí ìlú Jerez lọ.

Ọtí náà kò jọ wáìnì mìíràn. Funfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó jọ ẹfun, wọ́n ń pè é ní "albariza". Ó máa ń gba omi òjò mọ́ra, ó sì ń pa á mọ́ fún gbòǹgbò àjàrà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó mú hánhán. Àjàrà tí wọ́n ń pè ní Palomino ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ni wọ́n máa ń kún àgbá dé, kí afẹ́fẹ́ lè wà lókè, nítorí lójú wáìnì náà ni ìwúkàrà kan máa ń hù sí, ó á tẹ́ funfun bí èépá. "Flor" ni wọ́n ń pè é, òdòdó. Ọmọ Yorùbá tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú ẹmu yóò dà á nù. Ní Jerez, òun gan-an ló ń dáàbò bo ọtí náà kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí agbára ọtí náà bá wà ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, òdòdó yóò máa gbé, ohun tí a óò rí ni "fino". Bí wọ́n bá gbé e dé 17, òdòdó yóò kú, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, ọtí yóò pọ́n bí igi màhógánì, ó di "oloroso", olóòórùn. Ní ìlú Sanlúcar de Barrameda, lẹ́nu odò tí Magellan ti ṣíkọ̀ ní 1519, wọ́n ń pe fino tiwọn ní "manzanilla". Orúkọ odò náà, Guadalquivir, Lárúbáwá ni, "odò ńlá".

Wọn kì í kọ ọdún kan sára púpọ̀ nínú ọtí wọ̀nyí, nítorí pé ó máa ń dàpọ̀. Àgbá wà ní ìpele-ìpele. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń fa èyí tí wọ́n fẹ́ tà, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fi ti ìpele òkè rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ọtí tuntun. Ìpele ìsàlẹ̀ ni "solera", láti inú "suelo", ilẹ̀. Àwọn ti òkè ni "criadera", láti inú "criar", kí a tọ́ ọmọ. Nínú àgbá àgbà, díẹ̀ lára ọtí àwọn baba ńlá máa ń wà níbẹ̀ títí.

Orúkọ tó ní irú iyì báyìí kò lè ṣàìní olè. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún ogún, "sherry" ti ń jáde láti South Africa, láti Cyprus, kódà láti inú omi àjàrà tí wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n sì kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba Spéìn ti fi òfin dáàbò bo orúkọ náà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n òfin ilé kò dé òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní London, ìdájọ́ sì jáde ní 1967. Adájọ́ ní "sherry" nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú rẹ̀, ti Jerez ni. Àmọ́ ó ní àwọn ará Jerez ti mọ̀ nípa "British sherry" àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò sì sọ̀rọ̀, nítorí náà kí àwọn yẹn máa bá a lọ. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ náà fi ọwọ́ kan fúnni, ó fi èkejì gbà á padà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1996 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fòpin sí i. Lónìí, ẹ lè rí orúkọ mẹ́ta pọ̀ tí òfin mọ̀: Jerez, Xérès, Sherry. Ìlú kan, ẹnu mẹ́ta.

Ìjà ti àríwá yàtọ̀. Àjèjì kọ́ ló jí orúkọ wọn; ìjọba ilé ni kò fẹ́ gbọ́ ọ. Láti 1939 tí Francisco Franco ti ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé títí ó fi kú ní 1975, èdè Kastílíà nìkan ni èdè ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà. Àwọn òbí ní ilẹ̀ Báàskì kò lè fi orúkọ Báàskì forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní àkókò náà, wáìnì funfun kíkan díẹ̀ kan tí àwọn àgbẹ̀ etíkun ibẹ̀ ń ṣe, "chacolí" ni ìwé ń kọ ọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti 1978 ló ṣílẹ̀kùn. Ní 1989, ọtí náà gba òǹtẹ̀ ìjọba pẹ̀lú orúkọ tó pé pérépéré ní èdè Báàskì: "Getariako Txakolina". Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà, ẹ wò ó dáadáa. Getaria ni ìlú, "-ko" jẹ́ àfòmọ́ ìparí tó ń ṣe iṣẹ́ "ti" wa, "-a" tó wà ní ìparí sì ni atọ́ka. Ìlú ṣáájú ọtí, òdì kejì bí àwa ì bá ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é ni "Hondarrabi Zuri", "zuri" sì ni funfun. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sọ pé aṣọ funfun. Èdè tí kò ní ìbátan kankan tí a mọ̀ láyé ni èyí, síbẹ̀ a rí ibi tí a ti bá ara wa pàdé.

Gàlísíà rí tirẹ̀ gbà ní 1988, nígbà tí wáìnì Albariño etíkun rẹ̀ di "Rías Baixas", pẹ̀lú "x" tí wọ́n ṣì ń pè bí ṣ títí di òní. Òun ni wọ́n máa ń fi gbé ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n gé sórí àwo pákó, tí wọ́n sì bu òróró ólífì, iyọ̀ àti ata gígún sí.

Bí wáìnì pupa bá dé orí tábìlì, Rioja ni yóò ṣáájú, kòkòrò kan ló sì sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Ní àwọn ọdún 1860, igi àjàrà láti Amẹ́ríkà gbé kòkòrò tíntìntín kan wọ ilẹ̀ Faransé, orúkọ rẹ̀ ni phylloxera. Gbòǹgbò ni ó máa ń jẹ. Ọgbà àjàrà Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìhà kan dé ìkejì, àwọn oníṣòwò Bordeaux sì sọdá òkè Pyrenees láti wá ohun tí wọn yóò tà. Wọ́n bá Rioja, níbi tí Marqués de Murrieta àti Marqués de Riscal ti ń lo ọgbọ́n Bordeaux láti àwọn ọdún 1850, tí wọ́n ń fi wáìnì pamọ́ sínú àgbá igi óákù kékeré. Ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú Haro ní 1863. Ẹnu ibùdókọ̀ náà ni àwọn ilé wáìnì ńláńlá kóra jọ sí, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn wà dòní. Èrè náà kò pẹ́ títí. Kòkòrò kò mọ ẹnubodè. Ó dé Málaga ní 1878, ó dé Jerez ní 1894, ó sì dé Rioja ní 1899. Ìwòsàn kan ṣoṣo tó wà fún un ni kí a gé ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù, kí a lọ́ ọ sára gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáìnì Spéìn ni ó ń ti inú igi olórí méjì jáde.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i: àjàrà pàtàkì Rioja ni Tempranillo, láti inú "temprano", kíákíá, nítorí ó máa ń tètè gbó. Ní Ribera del Duero wọ́n ń pè é ní Tinto Fino, ní La Mancha Cencibel, ní Katalóníà Ull de Llebre, ojú ehoro. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí ará ìlú kan pe ohun kan ní ànàmọ́, kí òmíràn pè é ní ọ̀dùnkún, kí ẹlòmíràn tún ní kúkúńdùnkún ni, kò ní yà á lẹ́nu.)

Katalóníà ni ibi tí kòkòrò náà ti di ọ̀rọ̀ ìṣèlú, gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn ló sì fà á. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti máa ń fún àgbẹ̀ ní igbó tàbí òkè tí ẹnikẹ́ni kò ro. Àgbẹ̀ yóò ṣán an, yóò gbin àjàrà, yóò sì máa san ìdá kan nínú ìkórè fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Títí di ìgbà wo? "A rabassa morta", ni àdéhùn wí: títí gbòǹgbò yóò fi kú. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta igi tó kọ́kọ́ gbìn bá ti kú, ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò gọ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń tẹ ẹ̀ka igi alààyè mọ́lẹ̀, kí a fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó títí yóò fi ta gbòǹgbò tirẹ̀, igi kan náà tí kò kú mọ́. Baba ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ. Àwọn onílẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di 1889, òfin ìjọba Spéìn fi àádọ́ta ọdún ṣe òpin àdéhùn náà bí kò bá sí àdéhùn mìíràn.

Ẹni tó bá mọ ètò ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Onílẹ̀ lè gbà kí àlejò gbin àgbàdo àti iṣu, ṣùgbọ́n bí ó bá kan kòkó tàbí obì, ọ̀rọ̀ di méjì, nítorí igi tó ń pẹ́ láyé máa ń sọ ẹni tó gbìn ín di ẹni tí kò ṣeé lé mọ́. Wàyí o, phylloxera dé, ó sì pa gbogbo gbòǹgbò náà láàrin ọdún díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, àdéhùn ti parí. Àgbẹ̀ tí baba baba rẹ̀ ti ro òkè náà di àlejò lóru ọjọ́ kan, bí ó bá sì fẹ́ tún un gbìn, àdéhùn tuntun ni yóò tọwọ́ bọ̀, lórí igi tí a lọ́, tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú gan-an sí ti àtijọ́.

Ní 1922, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Unió de Rabassaires, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Lluís Companys sì wà lára àwọn tó dúró tì wọ́n. Ní ọdún 1934, nígbà tí Companys ti di olórí ìjọba Katalóníà, ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tó fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ tó ti ń ro láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn onílẹ̀ gbé e lọ sí Madrid. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé òfin náà ní oṣù kẹfà, ilé aṣòfin Katalóníà sì tún un ṣe láàrin ọjọ́ díẹ̀, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Aáwọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí Companys kéde ìjọba Katalóníà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún náà, tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1936. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Franco, Companys sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọlọ́pàá Hitler mú un níbẹ̀, wọ́n fà á lé Franco lọ́wọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní òkè Montjuïc ní Barcelona, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1940. Èmi kò mọ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ méjì tó náni tó "rabassa morta".

Ọwọ́ àwa náà kan etíkun yẹn. Láti 1778 tí ọba Spéìn ti gba Barcelona láyè láti bá ọ̀pọ̀ èbúté Amẹ́ríkà ṣòwò tààrà, wáìnì àti ọtí líle Katalóníà ń wọ ọkọ̀ lọ sí Kúbà. Ṣúgà ló ń padà wá, àwọn ẹrú ló sì ń gbin ìrèké náà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀. Kò sí òmìnira fún wọn lábẹ́ òfin títí di 1886. Púpọ̀ nínú ilé ńláńlá tó wà ní Barcelona, owó Kúbà ló kọ́ ọ. Ní 1884, wọ́n gbé ère Antonio López dúró níbẹ̀, ẹni tí ìtàn so orúkọ rẹ̀ mọ́ òwò ẹrú. Ní 2018, ìjọba ìlú náà gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọtí Katalóníà tí gbogbo ayé mọ̀ jù lónìí ni èyí tó ń hó. Josep Raventós ti ilé Codorníu ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Sant Sadurní d'Anoia ní 1872, ní ọ̀nà tí àwọn ará Champagne ń gbà, "champán" sì ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Champagne kò gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jerez kò ṣe gbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ́ ní "cava", ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Orúkọ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ìlú kankan. Lábẹ́ òfin, a lè ṣe cava ní Katalóníà, a sì tún lè ṣe é ní àwọn ibi tó jìnnà réré sí i. Ó di púpọ̀, ó di pọ́ọ́kú, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò àjàrà kan sì lọ sílẹ̀. Ní 2019, àwọn ilé wáìnì mẹ́sàn-án ní agbègbè Penedès jáde kúrò lábẹ́ orúkọ cava pátápátá. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Kàtàláánì fún ọkàn àti gbòǹgbò Látìnì orúkọ Penedès hun orúkọ tuntun, "Corpinnat". Wọ́n ní ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ká àjàrà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ní oògùn olóró lára. Wọ́n tún kọ iye tó kéré jù tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà sínú ìlànà wọn.